Joseph Bramah: Ẹni tó fa bíà láti abẹ́ ilẹ̀ wá sókè

Ọdún 1748 ni wọ́n bí Joseph Bramah ní Stainborough, ní agbègbè Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọmọ ọdún 16, ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, kò sì lè ṣiṣẹ́ oko mọ́. Ni wọ́n bá fi í sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Ibẹ̀ ni oríire rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń lọ bu bíà wá fún oníbàárà. Lọ́dún 1797, Bramah gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ tí ń fa bíà gba inú ọ̀pá wá sókè. Ọdún yẹn kan náà ló gba ti ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi òjé ṣe ọ̀pá. Iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n májèlé ni òjé. Ìdí nìyí tí ike àti irin tí kì í dípẹtà fi gba ipò rẹ̀ lóde òní.

Lọ́dún 1797 yìí náà ni Henry Maudslay, akọni òṣìṣẹ́ rẹ̀, bèèrè àfikún owó. Bramah kọ̀, Maudslay sì lọ dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká.

Bramah kú ní December 1814. Títí dòní, àwọn ilé ọtí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi ọwọ́ fa bíà.