Sir Archibald Garrod àti Òkúta Kíndìnrín Tí A Ń Jogún

Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1857 ni a bí Archibald Edward Garrod ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀, Alfred, jẹ́ oníṣègùn olókìkí tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí àrùn oríkèé tí a ń pè ní gáùtì. Iṣẹ́ bàbá náà ni ọmọ yàn. Lẹ́yìn tí ó jáde ní Yunifásítì Oxford, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìtọ̀ àwọn aláìsàn ni Garrod máa ń yẹ̀ wò, iṣẹ́ tí kò fani mọ́ra rárá. Ó rí àwọn ọmọ kan tí ìtọ̀ wọn ń di dúdú láti ìgbà tí a ti bí wọn, ó sì ṣàkíyèsí pé òbí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìbátan, ọmọ ẹ̀gbọ́n fẹ́ ọmọ àbúrò. Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Nínú irú àrùn yìí, ọmọ kò jọ ọ̀kankan: ara bàbá le, ara ìyá le, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni àbùkù náà ti wá.

Ní ọdún 1908, ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà oníṣègùn ní Royal College of Physicians lórí àrùn mẹ́rin tí a ń bí mọ́ ènìyàn. Ìtọ̀ dúdú jẹ́ ọ̀kan, àfín jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan sì ni èyí tí irú ṣúgà kan fi ń bá ìtọ̀ jáde. Ìkẹrin ni sistinúríà, tí í máa dá òkúta sínú kíndìnrín, nígbà mìíràn láti ìgbà èwe.

Ogun Àgbáyé Kìíní kò ṣàánú ilé rẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta bá ogun lọ ní ọdún 1915 àti 1916. Àrùn lukúlukú sì pa ẹ̀kẹta ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1919. Ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ wá ohun tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ kò ní ọmọkùnrin kan tí yóò sin ín. Dorothy, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó kù. Òun ni ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí a fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cambridge, ní ọdún 1939. Bàbá rẹ̀ ti kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1936.

Garrod tọ̀nà pé àjogúnbá ni sistinúríà. Ibi tí àbùkù náà wà ni kò rí, nítorí ó rò pé ara ni kò lè lo sístíìnì bí ó ti yẹ. Ọdún 1951 ni Dent àti Rose, ní Lọ́ńdọ̀nù, tọ́ka sí kíndìnrín fúnra rẹ̀. Kíndìnrín a máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì; lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò gba ohun tí ara ṣì fẹ́ lò padà. Lára ẹni tí ó ní àrùn yìí, oníbodè tí ó yẹ kí ó dá sístíìnì padà sínú ẹ̀jẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ ìbí. Sístíìnì yóò wá pọ̀ nínú ìtọ̀. Kò sì tètè yòrò, ni ó fi ń dì di òkúta. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń pàṣẹ omi púpọ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń ní kí ó jí mu sí i lóru, nígbà tí ìtọ̀ máa ń ki jù.