Henrietta Lacks: Gbogbo ayé mọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àrùn tó pa á

Nínú kíláàsì òfin ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Henrietta Lacks. Ohun tí à ń jiyàn lé lórí lọ́jọ́ náà ni bóyá dókítà lẹ́tọ̀ọ́ láti mú nǹkan lára aláìsàn láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. A pariwo, a tú ìwé, a pín sí ọ̀nà méjì. Títí a fi jáde, kò sẹ́ni tó béèrè irú àìsàn tó ń ṣe obìnrin náà. Èmi náà ò béèrè. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní cervical cancer. Àrùn yẹn kan náà ṣì ń pa obìnrin lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ìyá yìí láti ibi tí a kì í sábà sọ ọ́ dé.

Roanoke, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1920. Loretta Pleasant ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bó ṣe wá di Henrietta, àwọn ẹbí rẹ̀ pàápàá ò lè ṣàlàyé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú níbi tó ti ń bí ọmọ kẹwàá. Bàbá rẹ̀ ò lè dá gbogbo wọn tọ́, ló bá kó wọn lọ sí Clover, ó pín wọn fún mọ̀lẹ́bí. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ni Henrietta bọ́ sí, nínú ilé onígi kan tí àwọn ẹrú ti gbé rí. Oko tábà ni wọ́n ń ṣe. Inú ilé yẹn náà ni David, ìbátan rẹ̀ kan, ti ń dàgbà. Ẹ má yanu o, lọ́dọ̀ tiwọn kì í ṣe èèwọ̀: òun ló padà fẹ́. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó bí àkọ́bí wọn, wọ́n sì ṣègbéyàwó lọ́dún 1941. Wọ́n kó lọ sí Turner Station, lẹ́bàá ìlú Baltimore, torí David ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ irin kan níbẹ̀.

Ọmọ márùn-ún ni Henrietta bí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ọlọ́yàyà ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti Clover dé kì í wọ ilé rẹ̀ kébi pa á, pé kì í sì í jẹ́ kí ọ̀dà pupa tán lórí èékánná rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ èékánná yẹn sọ́kàn.

Kó tó lóyún ọmọ ìkẹyìn ló ti ń sọ fún àwọn ìbátan rẹ̀ obìnrin pé òun ń mọ nǹkan líle kan lábẹ́. Wọ́n ní kó lọ rí dókítà. Kò lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á yọ ilé ọmọ òun, òun ò sì ní bímọ mọ́. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa? Àìmọye obìnrin ló wà ní Ìbàdàn àti Mushin tí nǹkan ń ṣe lábẹ́ báyìí, tí wọ́n ń fi àgbo tì í, tí ọkọ ò mọ̀, tí ìyá ò mọ̀.

Lẹ́yìn tó bí Joseph lọ́dún 1950, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1951, ó wọ ọsibítù Johns Hopkins. Wọ́n mú un lọ sí apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Dókítà Howard Jones yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí kókó kan lẹ́nu ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, èsì sì jáde pé jẹjẹrẹ ni. Nígbà tó padà wá gba ìtọ́jú, wọ́n kùn ún lóorun. Kí wọ́n tó fi radium sí i lára, dókítà míì tún gé ẹran méjì: ọ̀kan lára jẹjẹrẹ náà, ọ̀kan lára ibi tó ṣì dá. Ó buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n máa mú nǹkan lára rẹ̀ lọ fún ìwádìí.

Láàbù George Gey ni wọ́n gbé e lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Gey ti ń wá sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí kò ní tètè kú nínú ìgò. Ti Henrietta ò kú. Láàárín wákàtí 24, ó ti di ìlọ́po méjì. HeLa ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n gé e lára orúkọ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹni tó ni sẹ́ẹ̀lì ń kú lọ ní tiẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, kò lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ó kú lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1951, ọmọ ọdún 31. Joseph ṣì kéré gan-an. Mary Kubicek, obìnrin tó ń bá Gey ṣiṣẹ́ ní láàbù, wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkú náà wò. Kò fẹ́ wo ojú rẹ̀, ló bá wo ẹsẹ̀, ó wá rí ọ̀dà pupa tó ti ń ṣí lórí èékánná. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ni sẹ́ẹ̀lì tí òun ń tọ́jú látọjọ́ yìí. Clover ni wọ́n sin ín sí, sàréè rẹ̀ ò sì ní òkúta àmì títí di ọdún 2010.

Àwọn ohun tí HeLa ṣe lẹ́yìn náà pọ̀ jọjọ. Òun ni wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ wò. Wọ́n gbé e lọ sí òfuurufú. Àwọn iléeṣẹ́ tà á, wọ́n jèrè, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì gbọ́ nǹkan kan títí di nǹkan bí ọdún 1973. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ẹbí náà àti iléeṣẹ́ Thermo Fisher tó parí ẹjọ́ láàárín ara wọn. Mo lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan sọ ti ẹjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo bá wá.

Èyí tí mo bá wá nìyí. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, onímọ̀ ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, rí i pé kòkòrò àrùn HPV ló ń fa jẹjẹrẹ yìí. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri. Nígbà tí wọ́n yẹ HeLa wò, oríṣi tí wọ́n ń pè ní HPV 18 wà nínú rẹ̀. Ohun tó pa Henrietta ṣì ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tó lé ní 30! Wọ́n fún zur Hausen lẹ́bùn Nobel lọ́dún 2008. Nígbà yẹn abẹ́rẹ́ àjẹsára ti jáde, láti 2006, tó ń dènà HPV 16 àti 18. Àwọn méjèèjì yìí ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Ohun tó tún ń dùn mí ni ti àyẹ̀wò. Ọdún 1941, ọdún ìgbéyàwó Henrietta gan-an, ni George Papanicolaou àti Herbert Traut gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí bí wọ́n ṣe lè fi omi ara obìnrin mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà. Ọgbọ́n ti wà nílẹ̀, kò kàn tíì dé ọ̀dọ̀ irú rẹ̀. N ò lè búra pé ì bá gbà á là. Ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í sáré: ó lè lò tó ọdún 15 sí 20 láti ìgbà tí kòkòrò ti wọlé kó tó di jẹjẹrẹ. Ọdún gbọọrọ tí èèyàn fi lè rí i nìyẹn.

Tiwa ńkọ́? Lọ́dún 2020, WHO ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí obìnrin 12,000 ni jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, ó sì pa nǹkan bí 8,000. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 lábẹ́rẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́. Kíá ni WhatsApp gbaná pé wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di àgàn. Irọ́ gbuu ni. N ò ní bú ẹni tó ń fura sí ọsibítù ṣá, lẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe fún Henrietta. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi dù ú ni kí wọ́n sọ fún un kó tó gbà. Ẹ lọ béèrè ìbéèrè yín lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ẹ tó gbà. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ló ń ba ilé ọmọ jẹ́.

Àwa tá a ti dàgbà kọjá abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ náà, àyẹ̀wò ló kù. WHO ní kó bẹ̀rẹ̀ látọmọ ọgbọ̀n ọdún, kí ẹni tó ní HIV sì bẹ̀rẹ̀ láti 25. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà ṣì máa ṣe é tó bá dàgbà, torí abẹ́rẹ́ ò dènà gbogbo oríṣi HPV. Èmi sún tèmi síwájú fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo lọ, nọ́ọ̀sì fi omi kan tó jọ ọtí kíkan pa ẹnu ilé ọmọ mi, ó wò ó bóyá ibì kan máa funfun, ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó tó fọwọ́ kàn mí, ó ní kí n buwọ́ lùwé. Mo kà á láti òkè délẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ń kùn. Àbúrò mi obìnrin ló kàn lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti sún tiẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì.