Mary Kingsley: Obìnrin tí Wọ́n Fi Orúkọ Rẹ̀ Pe Ẹja

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, bóyá o kò tíì fi ojú rí òkun rí. Má ṣe tìtorí èyí rò pé ìmọ̀ nípa òkun kò kàn ọ́. Gbọ́ ìtàn obìnrin yìí.

London ni a ti bí Mary Kingsley ní ọdún 1862. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ sí Yunifásítì Cambridge, ṣùgbọ́n wọn kò rán òun ní ilé-ìwé. Ilé ni ó jókòó sí tí ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ aláìlera. Ìwé bàbá rẹ̀ ni ó fi kọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1892, bàbá àti ìyá rẹ̀ kú. Ní ọdún 1893, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Nígbà tí ó tún padà wá, ọ̀mọ̀wé Albert Günther ti British Museum fún un ní ohun-èlò tí yóò fi tọ́jú ẹja kí ó má baà bàjẹ́. Ó dé Calabar ní ọdún 1895, ó sì kọjá lọ sí odò Ogowe ní Gabon. Àwọn ará ibẹ̀ ni ó ń bá a tu ọkọ̀, òun náà sì kọ́ bí a ti ń tu ú. Nínú ẹrẹ̀ etí òkun, ọ̀nì kan fẹ́ gun ọkọ̀ rẹ̀. Àjẹ̀ ni ó fi gbá a lẹ́nu.

Günther yẹ àwọn ẹja náà wò ní London, ó sì fi orúkọ Mary pe mẹ́ta nínú wọn. Rò ó wò: kò sí èyí tí ó jẹ́ orúkọ àwọn apẹja tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Láìsí àwọn atukọ̀ àti apẹja, òfo ni ìbá bá dé ilé.

Ó kọ ìwé nípa ìrìn-àjò rẹ̀ ní ọdún 1897. Kì í ṣe gbogbo èrò rẹ̀ nípa ènìyàn dúdú ni a lè gbà lónìí, ṣùgbọ́n ó bá àwọn tí ń kẹ́gàn àṣà wa jiyàn. Ní ọdún 1900, ibi tí ó ti ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Gúúsù Áfíríkà ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti pa á, ní ẹni ọdún 37. Inú òkun ni wọ́n sin ín sí, bí ó ti bẹ̀bẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn ti ṣí fún ọ. Láti ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti wà ní Èkó. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní ọdún 2011 sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹja. Nítorí náà, tẹpá mọ́ ìwé rẹ. Bí o bá sì di ọ̀mọ̀wé, má ṣe gbàgbé láti kọ orúkọ ẹni tí ó bá ọ tu ọkọ̀.