Herbert Macaulay: Ọkùnrin tó bá òyìnbó jà lórí omi Ìjù àti ilẹ̀ Àpápá

Omi ló yí ìlú Èkó ká, ṣùgbọ́n omi tí ènìyàn lè bù mu kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ láyé ìjọba òyìnbó. Omi ọ̀sà níyọ̀, kò ṣe é mu. Omi kànga tí wọ́n ń gbẹ́ sínú iyanrìn tètè máa ń dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ni omi òjò tí wọ́n ń gbà sínú àmù àti àgbá kì í pẹ́ tán tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ fi di ìjà ńlá láàrin ìjọba àti àwọn ará Èkó láti ọdún 1908. Láàrin àwọn tó ko ìjọba lójú nínú ìjà náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ pẹ́ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn ni Herbert Samuel Heelas Macaulay.

Ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1859. Abigail, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1881 ni Macaulay bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde. Nígbà tó di ọdún 1890, ìjọba rán an lọ sí ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó padà dé lọ́dún 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Kò pẹ́ kò jìnnà, lọ́dún 1898, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì dá iṣẹ́ awọnlẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò iṣẹ́ òde, kò ṣe é tàn jẹ lórí ilẹ̀ àti omi.

Ní àsìkò Gómìnà Walter Egerton ni ìjọba gbé ètò omi Ìjù kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba omi odò Ìjù jọ, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tì í gba inú páìpù dé Èkó, ìrìn tó lé ní máìlì 15. Ètò tó dára ni lójú ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè. Ṣùgbọ́n ìjọba ní àwọn ará ìlú ni yóò máa san owó omi náà, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀. Ohun tí àwọn alátakò ń sọ ni pé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ náà yóò kọ́kọ́ ṣe láǹfààní, pé kànga wà nínú àgbàlá àwọn, àti pé kò tọ́ kí wọ́n bu owó lé ènìyàn lórí nígbà tí kò ní aṣojú tó yàn fúnra rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin. Lọ́dún 1908 kan náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi yìí. Macaulay náà kò gbẹ́yìn nínú ìjà náà.

Ọdún 1913 kò rọgbọ fún un. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n yìí ló dí i lọ́wọ́ títí láé láti du ipò ìbò. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn, àṣé ó kù.

Lọ́dún 1916, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó omi Ìjù, ìlú tún gbaná jẹ. Ìjọba retí pé kí Elékòó, Ọba Èṣùgbàyí, àti àwọn olóyè rẹ̀ pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn, ìjọba gba owó rẹ̀, omi Ìjù sì ṣàn wọ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ti owó omi nìkan ni, Macaulay àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò borí. Ṣùgbọ́n ìjà náà ti so ààfin, àwọn ọlọ́jà àti àwọn mẹ̀kúnnù Èkó pọ̀ mọ́ ọn lára.

Àpápá ni ibi tó ti rí èrè ìṣọ̀kan yìí. Lọ́dún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, béèrè owó gbà-máà-bínú. Ilé ẹjọ́ nílé ní kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀ náà gan-an, pé ẹ̀tọ́ tó ní síbẹ̀ kéré. Ni ẹjọ́ bá gbéra, ó di London. Lọ́dún 1920, Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání. Lọ́jọ́ 11, oṣù keje, ọdún 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Privy Council dá Olóyè Olúwa láre. Wọ́n ní gbogbo ará ìlú ló ni ilẹ̀ ní àjùmọ̀ní, olóyè ló ń bá wọn ṣàkóso rẹ̀, nítorí náà ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ẹni tó ra ilẹ̀ pátápátá. Pọ́n-ùn 22,500 ni wọ́n san.

Ọba Èṣùgbàyí jìyà ọ̀pá àṣẹ yẹn. Nítorí ohun tí Macaulay sọ nípa ipò rẹ̀ ní London, ìjọba kọ̀ láti kà á sí ọba mọ́ lópin ọdún 1920, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dún 1925. Macaulay kò fi í sílẹ̀. Ó ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Lagos Daily News, títí tí wọ́n fi tún rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lọ́dún 1928. Ọdún 1931 ni Ọba Èṣùgbàyí padà wálé.

Ẹgbẹ́ NNDP tí Macaulay dá sílẹ̀ lọ́dún 1923 ló jáwé olúborí nínú ìbò àwọn aṣojú Èkó lọ́dún náà, lọ́dún 1928 àti lọ́dún 1933. Lọ́dún 1944, òun àti Nnamdi Azikiwe jọ dá NCNC sílẹ̀, wọ́n sì fi òun ṣe ààrẹ. Ẹni ọdún 81 ni, síbẹ̀ ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 1946. Àìsàn kì í mọ́lẹ̀ ní Kánò, wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì jáde láyé lọ́jọ́ 7, oṣù karùn-ún, ọdún náà.

Láti ọdún 1926 ni ọkọ̀ ojú omi ńlá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá. Àwọn tí iṣẹ́ èbúté fà wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ló kún Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdídò ńlá ti Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, ń tọ́jú omi òjò láti máa fi kún odò Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú odò yìí ni ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti ti Adíyàn sì ń fà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní Ajégúnlẹ̀ ló ń ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Àwọn òbí wọn àgbà jà nítorí owó omi tí kò wù wọ́n láti san. Àwọn ọmọ ń san owó, omi náà ni kò dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ta ni omi wà fún, ta ni yóò sanwó rẹ̀, ta ni yóò sì bá ará ìlú sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pinnu? Ìbéèrè tí Macaulay lo ayé rẹ̀ láti bi ìjọba nìyẹn, àwọn tó ń ṣèjọba lóde òní náà kò tíì dáhùn rẹ̀ tán.