George Müller àti Ilẹ̀kùn Tí Ó Ṣí Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń rò pé ìwà òun àtijọ́ kò jẹ́ kí òun yẹ níbi tábìlì Olúwa, ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí.

Ní 1805 ni a bí George Müller, ní agbègbè tí ó wà ní Jámánì lónìí. Owó ìjọba tí ń bẹ lọ́wọ́ baba rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń jí. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, a jù ú sẹ́wọ̀n nítorí pé ó sùn ní ilé ìtura láìsanwó. Síbẹ̀, ó lọ sí Yunifásítì Halle láti kọ́ iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run!

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní oṣù kọkànlá, 1825, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un lọ sí ìpàdé àdúrà nílé onígbàgbọ́ kan. Ó tọrọ gáfárà pé òun wá. Ṣùgbọ́n onílé fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ìgbàkúgbà ni ó lè wá. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ayé rẹ̀ ti yí padà.

Ní 1832 ó di olùṣọ́-àgùntàn ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àánú àwọn ọmọ òrukàn ìlú náà ṣe é. Ní oṣù kejìlá, 1835, Orin Dáfídì 81:10 wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì béèrè ilé, 1,000 pọ́un àti olùrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Owó, àwo àti abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dé. Àwọn ènìyàn sì yọ̀ǹda ara wọn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì, 1836, ó jókòó fún wákàtí méjì láti gba orúkọ àwọn ọmọ. Ẹnì kan kò wá! Nígbà náà ni ó rántí pé òun ti béèrè ohun gbogbo, àfi àwọn ọmọ tí yóò jẹ oúnjẹ náà. Ó gbàdúrà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, orúkọ àkọ́kọ́ dé.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ọmọ òrukàn a máa béèrè ẹni ńlá tí yóò ṣe alágbàwí ọmọ. Müller kò béèrè bẹ́ẹ̀. Àìní ọmọ náà ni alágbàwí rẹ̀.

Ìdánwò dé ní oṣù kẹsàn-án, 1838. Owó tán, Müller kò sì yá owó, bẹ́ẹ̀ ni kò tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn. Ní ọjọ́ 18, obìnrin kan tí ó ti London wá mú owó wá fún un. Owó náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nínú ilé tí ó wà nítòsí àwọn ọmọ náà gan-an! Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàníyàn ni Ọlọ́run ti pèsè.

Kí Müller tó kú ní 1898, ó ju 10,000 ọmọ lọ tí ó ti tọ́jú.

Ẹ̀yin ará, oúnjẹ kò wọ́n nílé Baba wa. Àwọn tí yóò jẹ ẹ́ ni kò tíì dé. Ẹ ka Lúùkù 14:16-24. Bí ẹ kò bá tíì wọlé, ẹ má ṣe dúró kí ẹ di ẹni yíyẹ kí ẹ tó wá. Bí ẹ bá ti wọlé, ta ni ní àdúgbò yín tí ó rò pé a kò pe òun? Ẹ lọ pè é ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn ilé yín ṣí sílẹ̀ fún un.