Eleanor Glanville àti Labalábá Rẹ̀

Ìwọ òǹkàwé, ǹjẹ́ o gbọ́ ọ rí pé a pe ènìyàn ní wèrè nítorí labalábá? Eleanor Glanville ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1654.

Ọlọ́rọ̀ ni obìnrin yìí. Ó jogún ilé àti ilẹ̀ ní Tickenham, ní agbègbè Somerset. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú; èkejì, Richard Glanville, hùwà ìkà sí i títí wọ́n fi pínyà. Kòkòrò ni ó gbájú mọ́. A máa fi igi lu igbó kí àwọn kòkòrò ajẹwé tí í di labalábá lè já bọ́. A máa sìn wọ́n títí wọn yóò fi hu ìyẹ́. A sì máa fi labalábá ránṣẹ́ sí James Petiver, apoògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan tí ó rí ní Lincolnshire ni a fi orúkọ rẹ̀ pè lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Ó kú ní 1709. Ìbátan rẹ̀ ni ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún. Forest, ọmọ rẹ̀, pẹjọ́ pé orí ìyá òun kò pé. Àwọn aládùúgbò jẹ́rìí sí bí ó ti ń lu igbó kiri. Ní 1712, ilé ẹjọ́ fagi lé ìwé ìhágún náà.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí labalábá yẹn wá kọ́ ayé. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Ilkka Hanski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní erékùṣù Åland, ní ilẹ̀ Finland, nínú pápá bí 4,000. Wọ́n rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú pápá wọ̀nyí ni ó máa ń ṣófo. Bí ewé bá pọ̀ ní pápá kan, wọn a bí sí i, wọn a rẹ̀ sí i. Bí ọ̀dá bá dá, tàbí tí agbọ́n bá yé ẹyin sí wọn lára, gbogbo wọn lè run. Ta ni yóò wá tún ibẹ̀ tẹ̀ dó? Labalábá tí ó fò wá láti pápá mìíràn ni. Labalábá sì fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ: pápá tí ó bá jìnnà a pẹ́ kí ó tó rí àlejò. Bí ọ̀pọ̀ bá sì ṣí kúrò ní pápá kékeré, ìwọ̀nba tí ó kù lè parun. Bíbí àti ṣíṣí, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Òǹkàwé mi, labalábá náà kò sí ní Lincolnshire mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Eleanor kò parẹ́. Má ṣe fi ẹni tí ó ń wádìí ohun kékeré ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a ń pè ní wèrè lónìí lè di ìmọ̀ lọ́la.