Judah Touro, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Ilé Àdúrà Di Ahoro



Ẹ rántí balógun ọ̀rún ti Kafarnaumu tí Lúùkù Mímọ́ ròyìn rẹ̀. Kì í ṣe Júù, síbẹ̀ ó kọ́ sínágọ́gù fún àwọn Júù. Lónìí mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín tí ó jẹ́ Júù, tí ó sì ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún àwọn Kristẹni.

A bí Judah Touro ní ọdún 1775 ní ìlú Newport, ní Amẹ́ríkà. Isaac, bàbá rẹ̀, ni aṣáájú àdúrà nínú sínágọ́gù tí a yà sí mímọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1763. Ṣùgbọ́n ogun òmìnira Amẹ́ríkà tú àwọn Júù Newport ká. Bàbá rẹ̀ kú sí Jàmáíkà ní ọdún 1783. Nígbà tí ó ṣe, ìyá rẹ̀ náà kú, arákùnrin ìyá rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ dàgbà ní Boston. Nígbà tí àwọn Júù tán ní Newport, a ti ilẹ̀kùn sínágọ́gù náà.

Judah lọ sí New Orleans, ó ṣe òwò, ó sì là. Nínú ogun tí a jà níbẹ̀ ní January 1815, ọta àgbá ṣe é léṣe ní itan. Rezin Shepherd, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí í ṣe Kristẹni, ni ó gbà á lọ́wọ́ ikú. Lẹ́yìn èyí, a ta ilé ìsìn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kan ní ìlú náà nítorí gbèsè. Touro rà á, ṣùgbọ́n kò lé wọn jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sìn nínú rẹ̀ láìsan owó ilé.

Ẹ má ṣe rò pé ó fi ìgbà gbogbo súnmọ́ ìsìn àwọn baba rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó padà sí i. Ẹni ọdún 74 ni, ní ọdún 1850, nígbà tí a ya sínágọ́gù tí ó pèsè fún àwọn Júù New Orleans sí mímọ́.

Ó kú ní January 1854, láìní ìyàwó, láìní ọmọ. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó rántí àwọn ìjọ Júù ní ìlú púpọ̀. Ó rántí ilé àwọn ọmọkùnrin aláìlóbìí ti Ìjọ Kátólíìkì. Ó sì fi 60,000 dọ́là sílẹ̀ fún àwọn Júù tálákà ní Jerúsálẹ́mù. Moses Montefiore fi lára owó náà kọ́ ilé fún wọn lẹ́yìn odi ìlú náà, ní ọdún 1860. Fún Newport, ó fi 10,000 dọ́là sílẹ̀ láti fi san owó iṣẹ́ aṣáájú àdúrà, àti láti fi tọ́jú ibi ìsìnkú.

Ẹ kíyè sí i: kò sí ìjọ ní Newport nígbà náà. Touro pèsè owó iṣẹ́ aṣáájú àdúrà fún ilé tí kò sí olùjọ́sìn nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni a sin ín sí. Ní ọdún 1883 a tún ya sínágọ́gù náà sí mímọ́, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní.

Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń béèrè ohun tí a óò rí gbà kí a tó tọwọ́ bọ àpò. Nígbà tí agbọ̀n ọrẹ bá dé ọ̀dọ̀ yín lónìí, ẹ rántí àwọn tí a kò tíì bí, tí yóò wá kúnlẹ̀ níbi tí ẹ kúnlẹ̀ sí yìí. Bí ilé àdúrà aládùúgbò yín bá sì ń jò, ẹ má ṣe wò ó níran.

Kí Ọlọ́run bùkún yín. Àmín.